Nígbà Tí Ẹ̀rọ Orin Ṣì Ń Kùn

Láptọ́ọ̀pù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kú ní yàrá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ẹ̀ka Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì. Ó lò ó di òru, ó pa á, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ náà tàn, ṣùgbọ́n kò rí ibi ìkópamọ́ kankan nínú ara rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ọmọ náà fẹ́ fi gboyè ti bá a lọ. Ó pè mí, ẹkún ti ń gbà á lóhùn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ṣé ó pariwo kó tó kú?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí, ariwo wo?"

Kò mọ ohun tí mo ń wí, kò sì jẹ̀bi. Kò sí dísìkì kankan tó ń yí nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ara ṣíìpù lásán ló ń kó nǹkan pamọ́ sí, bí èèyàn bá sì gbé e sétí láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ní tiwa, etí ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé ẹ̀rọ fẹ́ kú, ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i. Ẹ̀rọ orin kékeré kan tó ń gbé inú àpò ló kọ́ mi ní ìyẹn, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìkọ̀lé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ló fi ẹ̀rọ náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Tòkunbọ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ káàkiri. Gbogbo wa ní Ìkọ̀lé nígbà náà ń pe irú rẹ̀ ní aípọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, nítorí iPod ló sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di gbajúmọ̀ láyé. Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2001 ni Apple kọ́kọ́ fi í han aráyé, tí wọ́n ní orin 1,000 ni yóò gbà sínú àpò èèyàn. Gígábáìtì 5 péré ni ìyẹn ní. Tèmi ní 30. Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń tẹ̀wé fún àwọn olùkọ́, tí a ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí a sì ń kó orin sórí CD fún àwọn awakọ̀, nítorí náà, orin kò wọ́n mi. King Sunny Adé wà níbẹ̀, Orlando Owoh wà níbẹ̀, Elémùré Ògúnyẹmí tó ń fi ẹ̀ka èdè wa kọrin náà kò gbẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá gbọ́ kì í ṣe orin. Wọn kì í béèrè íàpíìsì. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa ń gbé létí, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa dúró. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Lójijì, hùùùn, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ̀. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, nǹkan mìíràn á sáré lọ sáré bọ̀. Tákí, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Àwọn ọmọ náà á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un ṣe. Mi ò lè tún un ṣe. Ìgbà tó bá wu dísìkì náà ló ń jí.

Ìdí tó fi ń sùn, tó fi ń jí, ni pé bátìrì rẹ̀ kéré. Dísìkì inú irú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fẹ̀ ju íńṣì 1.8 lọ; Toshiba ló ṣe èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iPod. Ó ń yí ní ìgbà 4,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, bó bá sì ń yí láìdáwọ́dúró, bátìrì kò ní pẹ́ tán. Nítorí náà, yóò jí, yóò kó orin mélòó kan sínú mẹ́mọ́rì, yóò sì padà sùn, kí ẹ̀rọ máa ti inú mẹ́mọ́rì kọrin. Nínú iPod àkọ́kọ́, mẹ́mọ́rì yẹn jẹ́ mẹ́gábáìtì 32, ó tó orin bí ìṣẹ́jú 20. Hùùùn tí à ń gbọ́ ni ti awo tó ń yí. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ni ti apá tó gbé orí ìkàwé, tó ń wá ibi tí orin wà kiri. Tákí ìkẹyìn ni ìgbà tí apá náà kúrò lórí awo, tó lọ gun ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lálẹ́, tí NEPA bá ti mú iná lọ (ìjọba ti yí orúkọ rẹ̀ sí PHCN lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí lẹ́nu wa), tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ti dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan, mo máa ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Láàárín orin kan sí òmíràn ni màá gbọ́ tó jí. Mo mọ ohùn rẹ̀ débi pé bí ó bá fi díẹ̀ pẹ́ ju bó ti ń ṣe lọ, ojú mi á là.

Ìyá mi àgbà ń gbé ní Àsin-Èkìtì. Nígbà tó ṣì lágbára, ó máa ń kọ alámọ̀, orin àwọn obìnrin Èkìtì, níbi ìyàwó àti níbi òkú àgbà, ẹnì kan nínú ẹbí sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì mélòó kan. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń gbó. Téèpù wọn ti ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ ti jẹ òmíràn, a sì fi bírò yí i padà títí ó fi já. Mo wá okùn kan, mo so rédíò kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa, mo gba ohun tó kù sínú rẹ̀ kí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà tó bàjẹ́ tán, mo sì kó o sínú ẹ̀rọ orin mi. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ padà. Bí ohùn ìyá mi àgbà ṣe ṣẹ́kù sí inú àpò mi nìyẹn. Mo máa ń gbé e lọ sí Àsin, màá fi íàpíìsì sí ìyá létí, yóò máa gbọ́ ara rẹ̀ nígbà tó wà léwe, yóò máa bá ara rẹ̀ wíjọ́ pé òun ti fo ibì kan.

Ìparí ọdún 2007 ni, nígbà ọyẹ́. Mo ń ti Àsin bọ̀ lórí ọ̀kadà, orin ń lọ, ọ̀kadà já sí kòtò, ẹ̀rọ náà já bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Kò fọ́. Ojú rẹ̀ ṣì tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sétí, ohùn mìíràn ló wà níbẹ̀: kẹ́… kẹ́… kẹ́… kẹ́, bákan náà, láìyára, láìfalẹ̀, kó tó wá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tí mo gbé e lọ bá. Rédíò ló fi kọ́ṣẹ́, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n àti fídíò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Rédíò tí àwọn tó ni ín kò padà wá gbà ti tò dé òrùlé, òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń jó kì í sì í kúrò níbẹ̀. Kò tíì ṣí irú ẹ̀rọ mi rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ó mú sukudiráfà rẹ̀ tó gùn jù, ó fi ẹnu irin rẹ̀ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fi èèkù rẹ̀ ti eegun ẹ̀bá etí. Ó ní kí ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà kọjá. Ó ní kí èmi náà má sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ pẹ́.

"Wá gbọ́," ó wí, ó sì na èèkù sí mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ariwo pín sí oríṣiríṣi. Ó là á sílẹ̀ fún mi, òmíràn nínú rẹ̀ láti inú ohun tí fídíò àti kọ̀ǹpútà ti kọ́ ọ. Bí awo bá gbìyànjú láti yí, tó dákẹ́, tó tún gbìyànjú, láìjẹ́ pé orí ìkàwé rìn rárá, kí a kọ́kọ́ fura sí bátìrì: iná tó ń bọ̀ kò tó o. Bí kẹ́… kẹ́… bá ń lọ déédéé, awo ń yí dáadáa, orí ìkàwé ló ń wá àmì tí yóò fi mọ ibi tó wà tí kò rí i, tó sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti tún un wá. Bí ó bá ń ha, ṣìnrìnrìn, orí ti kan awo nìyẹn. Kí a pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí ìyípo kọ̀ọ̀kan ń bó orin dànù. Bí kò bá sì sí ohùn kankan rárá, ó lè jẹ́ pé okùn pẹlẹbẹ tó so dísìkì mọ́ pátákó ti tú, ìyẹn sì ni àìsàn tó rọrùn jù nínú gbogbo wọn.

"Tìrẹ, orí ló ń wá ọ̀nà," ó wí. "Ó ṣì ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo sọ fún un.

Ó gbé sukudiráfà sílẹ̀. "Nígbà náà, mi ò ní ṣí i lónìí. Kó ẹrù jáde kí o tó tún ilé ṣe. Lọ fún un níná kó kún, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó ohun tí kò ṣeé rà lọ́jà kọ́kọ́. Sunny Adé, wàá tún rí i rà."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa fìríìsà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ti sọ fún mi pé àwọn òyìnbó máa ń fi dísìkì tó ń kan kẹ́kẹ́ sínú fìríìsà mọ́jú, tí yóò sì jí. Ẹnjiníà wo mí títí. Ó ní bí nǹkan tútù bá jáde sínú ooru, ṣé kì í làágùn? Ó ní omi yẹn ni yóò bò ó lára. Ó ní ẹja ni wọ́n ń kó sí fìríìsà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá mi gbà kí n dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ni a tàn, mo sì gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn bí okùn ṣe lè gùn tó, kí n lè máa gbọ́ dísìkì. Alámọ̀ ni mo kọ́kọ́ fà. Bí ó bá bá ibi tó dára pàdé, hùùùn lásán ni, ìlà orí kọ̀ǹpútà á máa sáré. Bí ó bá dé ibi tó ti ha, ìlà náà á dúró gbári, kẹ́… kẹ́… kẹ́… á bẹ̀rẹ̀, màá gbọ́wọ́ lé àyà. Nígbà mìíràn ó máa ń rí ọ̀nà kọjá. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ síwájú mi pé fáìlì náà kò ṣeé kà, màá fò ó, màá lọ sí èyí tó kàn. Mo ń sinmi láàárín, mo ń pa á kó lè tutù, nítorí ọwọ́ mi mọ̀ pé ó ti gbóná. Epo tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo rí kó jáde nínú alámọ̀ ìyá mi àgbà ju ìdajì lọ. Èyí tó kù, mi ò rí i mọ́ títí dòní. Èyí tó dára jù wà nínú èyí tó lọ: ibi tó ti ń ki ìyá tirẹ̀, tí àwọn obìnrin ń gbè é lẹ́yìn.

Nígbà tí a ti kó ẹrù jáde ni Ẹnjiníà tó ṣí ẹ̀rọ náà. Ó fi abẹ ike tín-ín-rín la ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ okùn pẹlẹbẹ náà, ó fi aṣọ tó mọ́ nù ún, ó tẹ̀ ẹ́ padà. Ó ká bébà líle kan, ó fi sáàárín dísìkì àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ kó lè há dáadáa, nítorí pé nǹkan tí ń fì nínú àpótí kò ní jẹ́ kí orí jókòó síbi kan. Àpótí dísìkì fúnra rẹ̀ ni kò fọwọ́ kàn. Àlàfo tó wà láàárín orí ìkàwé àti awo kéré ju eruku lọ, ó wí, ta ló sì máa ṣí irú rẹ̀ ní Ìkọ̀lé nígbà ọyẹ́? Ẹ̀rọ náà tún kọrin fún oṣù díẹ̀ sí i, pẹ̀lú kẹ́ kan níbi, kẹ́ kan lọ́hùn-ún, kó tó dákẹ́ pátápátá.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2007 náà gan-an ni wọ́n kéde Ẹ̀bùn Nobel fún Albert Fert, ọmọ Faransé, àti Peter Grünberg, ọmọ Jámánì, fún ìwádìí tó jẹ́ kí orí ìkàwé lè mọ àmì tó kéré gan-an lára dísìkì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀. Orí tó ń sọnù lábẹ́ èèkù sukudiráfà wa, iṣẹ́ wọn ló wà nínú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí orin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gba inú ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mo mọ bó ṣe rọrùn tó láti sọ pé ayé ìgbà náà dára, pé ẹ̀rọ máa ń báni sọ̀rọ̀. Ó ń báni sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora ló ń sọ. Bí ohun tí ń yí kò bá sí nínú ẹ̀rọ mi, ìṣubú yẹn ì bá má pa á lára. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in: ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun, tó sì ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, ló lè ní in. Ariwo náà gan-an kò gba ẹnikẹ́ni là. Àyè ló ń fúnni, ẹni tí kò bá sì ní ibòmíràn tí yóò kó nǹkan sí, kò mọ ohun tí yóò fi àyè náà ṣe. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ẹnjiníà, tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí kò mọ ẹni tó ní. Ó jókòó, ó ń gbọ́ kẹ́… kẹ́… bí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ṣe ń lọ, kò sì sí ohun tí ìkìlọ̀ náà ṣe fún un.

Ayé sì ti kúrò níbẹ̀ kí a tó mọ̀. Láti ọdún 2005 ni Apple ti ń ta iPod nano, tí kò ní dísìkì nínú. Lọ́dún 2014 ni wọ́n ṣíwọ́ títa iPod classic, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ní dísìkì. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n kéde pé iPod ti dópin pátápátá. Ní Ìkọ̀lé, kò sẹ́ni tó dúró de ìkéde yẹn. Fóònù ti gba iṣẹ́ náà, àwọn ọmọkùnrin tó ń fi orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì ti gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, orin orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ tiwọn náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀ lọ́dún 2011, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ibi tí oko wà. Ẹnjiníà kò tún rédíò ṣe mọ́. Sólà àti ìńfátà ló ń tò fún àwọn tó ni ilé wọ̀nyẹn, ó sì ní owó tó ń wọlé dára ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí mo gbé láptọ́ọ̀pù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a, kò tiẹ̀ fi etí sí i. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ṣíìpù tó ń darí ibi ìkópamọ́ ló ti kú, kò sì sí ohun tí òun lè fi irinṣẹ́ òun ṣe sí i. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tó fi máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ariwo kan láyé àtijọ́.

Alámọ̀ tí mo kó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn wà lórí WhatsApp ẹbí wa báyìí. Ó wà lórí fóònù àwọn tó wà ní Àsin, ní Èkó, ní London. Bí fóònù kan bá kú, òmíràn ní in; kò sí ọjọ́ kan tí ó ní irú ààbò yẹn nígbà tó wà nínú àpò mi, tí mo ń fi etí ṣọ́ ọ. Ìyá mi àgbà ti lọ. Ibi tó ti ń ki ìyá rẹ̀ ti lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ́n, dísìkì kan ṣoṣo ló sì gbé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra dísìkì àfẹ̀yìntì kan, ó sì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, níwọ̀n ìgbà tí mo mọ ariwo tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí òun máa tẹ́tí sí. Mo ní kó má tẹ́tí sí nǹkan kan. Etí tí mo ní, wàhálà àwọn ẹ̀rọ tó ń fì tó sì ń ha ló là á fún mi, n kò sì gbàdúrà pé kí irú wàhálà yẹn dé bá a. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ní kìlọ̀ fún un. Kó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún láti ọjọ́ tó ti rà á.